Ọjọ́ Tí Omi Gbé Orúkọ Ọkọ̀ Mì

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣé o ti rí ọmọ Ìlàjẹ tí kò mọ bí ọkọ̀ ṣe ń jókòó sínú omi rí? Wò mí dáadáa.

Ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá wa ni n kò lè gbàgbé láyé. Fífi kọ̀ǹpútà yàwòrán la kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀gá wa, ará Ìbàdàn, ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ oníbàárà lọ́rùn lòun máa mú lọ síbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé l'Ákúrẹ́. Oníbàárà tèmi ni Màmá Ẹ̀bùn, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò láti èbúté Ugbonla.

Mo ya ÌBÙKÚN, orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, gàdàgbà, mo tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Lókè rẹ̀, mo kọ Dèjì, orúkọ tèmi, torí ìgbéraga ò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́.

Ni èrò bá wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Omi gbé ìdajì ÌBÙKÚN mì, ó gbé gbogbo ẹ̀ mì. Dèjì nìkan ló kù.

Ọkùnrin kan ní, "Màmá, ṣé ẹ ti ta ọkọ̀ fún Dèjì ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì.

Màmá Ẹ̀bùn wò mí. "Ọmọ apẹja! Ṣé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n bí ọ sí?"

Ọ̀gá fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Àkúrẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Òní ló pé. Mo jókòó sí èbúté pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, mò ń dúró kí ọkọ̀ kún, kí n lè sàmì síbi tí omi bá dé.

"Dèjì! Èrò ti pé o! Wá sàmì rẹ, ká máa lọ!"

"Mo ń bọ̀, Màmá!"