Odó Ìyá Àbẹ̀kẹ́ àti Àpótí Tí Ń Gbọ́ Ilẹ̀

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Sítáńdádì Kẹta ni mo kà dé, n kò sì kọ ohun tó gùn ju lẹ́tà lọ rí.

Iṣẹ́ wa nígbà náà, lẹ́bàá Kọ́bapẹ́, ni kí a mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ láìgbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀. Wọ́n á ri dánámáìtì mọ́nú ihò. Bó bá bú, ìró rẹ̀ á wọlẹ̀ lọ, á kan àpáta, á sì padà sókè. Àwọn àpótí kéékèèké tí a tò sílẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ. "Etí" ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ inú lọ́rì á wá fa ìlà sórí bébà. Bí ìró náà bá ṣe pẹ́ tó kó tó padà ni òyìnbó fi ń mọ bí àpáta ṣe jìn tó. Èmi ni mo ń ru etí, tí mo ń tò wọ́n. Bó bá fi máa di ọ̀sán, ọrùn mi kì í ṣe tèmi mọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ yin dánámáìtì náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn. Etí ń gbọ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n lábúlé tó wà nítòsí, àwọn obìnrin ń gún láfún. Bàbá Súlè, fọ́máànù wa, rán mi sí wọn.

"Lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró díẹ̀. Obìnrin ni ẹ́, wọn ò ní bú ẹ."

Mo dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Oo, ọmọ mi." Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ni, àgbà wọn. "Ìwọ lò ń ru àpótí òyìnbó? Abájọ tí ọrùn ẹ fi ń wọnú lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. N kò lè sọ fún àgbà pé kó gbé ọmọ odó sílẹ̀ nítorí àpótí. Mo padà, mo sọ fún Bàbá Súlè pé wọ́n ti gbọ́.

Wọ́n yìn ín. Ìlà wúruwùru ló kún bébà. Ìró odó ti bo ìró àpáta. Òyìnbó wo Bàbá Súlè, ó ní dánámáìtì kan péré ló kù fún ibẹ̀, bí ti ọ̀la bá tún bàjẹ́, òun á wá fọ́máànù mìíràn.

Bí a ti ń rìn padà sí àgọ́, Bàbá Súlè bi mí: "Ṣé o sọ fún wọn lóòótọ́?"

"Mo sọ, bàbá."

"Ó dáa. Bóyá wọ́n gbàgbé ni." Ihò gbígbẹ́ ti ba apá rẹ̀ kan jẹ́, kì í nà tán mọ́. N kò mọ ẹni tí yóò tún fún un níṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà lójúde Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kí ìrì tó gbẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da gbágùúdá gbígbẹ sódó. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa, mo sì sọ ohun tó fẹ́ dé bá Bàbá Súlè. Ó tọ́ka sí inú odó.

"Ta ló wá máa bá mi gún eléyìí kí oòrùn tó gòkè?"

Mo sán aṣọ mi, mo mú ọmọ odó kejì.

Nígbà tí Bàbá Súlè gbé ọwọ́ sókè pé kí gbogbo ẹsẹ̀ dúró, gbogbo odó abúlé náà ti dojú dé, wọ́n ti gún tán. Mo dúró láàárín àwọn etí mi, n kò gbẹ́sẹ̀, láfún ṣì wà lápá mi.