Èéfín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọmọ Ilẹ̀ Faransé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ìkòkò omi ẹ̀yìn ilé wa lọ, àwọn Faransé ló ń ṣe àkóso ilẹ̀ wa. Abúlé wa wà ní agbègbè Ìsàbà, kò jìnnà sí Pọ́bẹ̀. Bí ẹ bá dúró ní ìparí oko bàbá mi, tí ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń wò yẹn. Erùpẹ̀ kan náà ni, èdè kan náà ni, àwọn ẹbí ìyá mi sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣà kan fún yín. Láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í sun oko láìránṣẹ́ sí ẹni tí afẹ́fẹ́ yóò gbé èéfín lọ bá. Bí abiyamọ tàbí aláìsàn bá wà nílé ẹni náà, yóò dáhùn pé, "Ẹ bá wa mú iná dúró," wọn yóò sì mú un dúró títí afẹ́fẹ́ yóò fi yí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀bẹ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀: kò gbọdọ̀ gbé aláìsàn rẹ̀ kúrò nílé kí èsì tó dé. Bí ó bá gbé e lọ, ó ti pe aládùúgbò rẹ̀ ní ìkà nìyẹn.

Lọ́dún kan, òyìnbó agégi kan tẹ̀dó sí ìhà kejì ààlà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kó èèpo àti èérún igi jọ bí òkè, wọ́n sì ń sun ún láràárọ̀. Nígbà òjò, a kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìlà oòrùn, èéfín náà wá jókòó lé abúlé wa lórí. Ó korò lọ́fun. Aṣọ tí a bá sá láàárọ̀ á ti dúdú kó tó gbẹ.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹlẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà. Òun ló bi bàbá wa pé ṣé òjò ló wẹ irun orí wọn lọ. Àyà rẹ̀ kò lágbára láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ikọ́ nìkan ló kù.

Bàbá mi mú obì, ó kọrí sí ààlà. Aṣọ́bodè béèrè pé, "Pàpíè dà?" Kò ní ìwé kankan, wọ́n sì dá a padà. Ó lọ sí ọ́fíìsì Kòmàndáǹ, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ní Pọ́bẹ̀. Ògbufọ̀ jáde wá, ó ní, "Kòmàndáǹ ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èéfín yẹn. Kò sí lábẹ́ àṣẹ òun." Nígbà náà ni bàbá mi ránṣẹ́ bẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé lọ́hùn-ún pé kí ó bá òun jíṣẹ́ fún agégi náà. A sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Àbúrò ìyá bàbá mi, mùsùlùmí tó ń ta aṣọ ní Ṣakété, gbọ́, ó sì wá.

"Gbé ọmọ yìí fún mi. Kò sí èéfín lọ́dọ̀ wa."

"Ìyá, mo ti ránṣẹ́. Bí mo bá gbé e lọ báyìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

"Olórí kunkun! Ṣé ojú rẹ ló ń wúkọ́ ni, àbí ọmọ?"

Bàbá mi kò gbé ọmọ náà fún un. Ìyá náà dá nìkan padà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ọ̀nà igbó wọlé. Kò jókòó. Bàbá mi ní, "Kí ni wọ́n wí?" Ó fèsì: "Wọ́n ní ti ilẹ̀ Faransé ni ọmọ tó ń wúkọ́ náà."

Èsì ti dé. Bàbá mi pọn àbúrò mi fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí n kò rí kó pọn ọmọ rí, a sì mú ọ̀nà Ṣakété pọ̀n. Nígbà tí a ó fi dé Aguidi, abúlé kan lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ti mọ́. Mo mí kanlẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Níbẹ̀ ni ìyá mi ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, tó bá a pé ó ti tutù, tó sì ní kí bàbá mi dúró.

Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, bàbá mi kò sun oko mọ́. Ọwọ́ ló fi ń fa gbogbo koríko rẹ̀ tu, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Lóde òní, ọ̀dà wà lójú ọ̀nà, ilé ìwòsàn sì wà ní Pọ́bẹ̀. Bí ikọ́ bá mú ọmọ yín, ẹ ó gbé e sá láìbi ẹnikẹ́ni. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dúró de èsì. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, èéfín ṣì ń ti ìlà oòrùn wá bá wa, tiwa náà sì ń lọ bá àwọn ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kì í ránṣẹ́ sí wa mọ́. Àwa náà kì í sì í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.