Ìdí Tí N Ò Fi Pààrọ̀ Iginíṣọ̀n Máṣíìnì Mi Kí N Tó Bá Ràímì Sáré

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí láyé ìgbà tí mo ṣì ń fi máṣíìnì díje. Máṣíìnì tí mò ń wí yìí, alùpùpù ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ránṣọ. Láwọn ọdún séfúńtìsì ni, nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tí wọ́n ń la títì káàkiri Èkó. Ó ti pẹ́, àmọ́ tí mo bá rántí ẹ̀, inú mi ṣì máa ń dùn lọ́nà tí kò yẹ ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mushin là ń gbé. Èmi, Délé, àti àbúrò mi, Kọ́lá, la jọ ni máṣíìnì kan. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ fóòmù kan ní Ìlúpéjú, Kọ́lá ń kọ́ṣẹ́ wáyà iná ní Yaba. Tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó di ọ̀nà tuntun kan lẹ́yìn Surulere. Wọn ò tíì ṣí i fún mọ́tò, àwọn kọ́ńtíráítọ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwa ọ̀dọ́ la ni ín. A ó sáré lọ, a ó yí dírọ́ọ̀mù kan tó wà lópin ọ̀nà po, a ó sáré padà. Àwọn tó wá wòran máa ń dúró síbi tá a ti ń gbéra. Kọ́nà kan wà lójú ọ̀nà náà tó wà lẹ́yìn òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa kan, ẹni tó bá dúró lọ́dọ̀ èrò ò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ràímì ló máa ń gbapò kìíní. Ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, a jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ti jẹun ìyá mi débi pé ó mọ ìkòkò tí ìyá mi ń fi ẹran pa mọ́ sí. Bàbá ẹ̀, Àlàájì, ń ta páànù. Gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún un, tí tọkọtaya bá jà, iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ náà lọ. Kò sẹ́ni tó ń gba ipò kìíní lọ́wọ́ Ràímì, àfìgbà tí Kọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í gun máṣíìnì wa. Kọ́lá fúyẹ́, ẹ̀rù kì í sì í bà á.

Ní Sọ́ńdè kan, àwọn méjèèjì jọ wọ ẹ̀yìn òkìtì yẹn. Ràímì nìkan ló jáde.

Nígbà tá a sáré débẹ̀, inú gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ la ti bá Kọ́lá, máṣíìnì wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Egungun ojúgun ẹ̀ ti ṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó gbá mi. Ó na ẹsẹ̀, ó gbá mi dànù."

Ràímì ní irọ́ ni. Ó ní iginíṣọ̀n wa ló kú, pé máṣíìnì wúkọ́, ó dákẹ́, Kọ́lá sì ṣubú. Ibi tó ti mú wa nìyẹn, torí gbogbo èrò ló gbọ́ nígbà tí máṣíìnì wa wúkọ́. Òótọ́ ni pé ó máa ń wúkọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iginíṣọ̀n ló ń ta iná tó ń jó epo nínú ẹ́ńjìnì. Irú èyí tó wà lára tiwa ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtáàtì, tó ń lanu, tó tún ń panu dé. Tá a bá fi eré sí i dópin, ẹnu yẹn ò ní lè yára tó mọ́. Iná á máa já, ẹ́ńjìnì á máa wúkọ́. Kì í kú o. Á kàn fà sẹ́yìn díẹ̀, á tún gbéra.

Àlàájì wá kí ìyá wa, ó gbé ọsàn àti bisikíìtì dání. Ó ṣàdúrà fún Kọ́lá, inú ẹ̀ sì bà jẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí ìyá mi wá fẹnu ba ohun tí Kọ́lá sọ, Àlàájì mi orí.

"Ìyá Délé, mo ti bi í léèrè dáadáa. Ó búra fún mi. Ọmọ mi kì í parọ́ fún mi."

Ràímì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń wolẹ̀ bí ọmọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra sọ sí mi létí pé kí n tètè pààrọ̀ iginíṣọ̀n yẹn kí èmi náà má baà ṣubú. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń gé fóòmù, ọrùn Ràímì ni mò ń rí lábẹ́ ọ̀bẹ.

Nǹkan tó wà níbẹ̀ ni pé iginíṣọ̀n tuntun ti wà nílé. Àbúrò ìyá wa tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló bá wa rà á bọ̀ láti òkè òkun kí Kọ́lá tó ṣubú. Ẹlẹtirọ́níìkì ni, kò ní kọ́ńtáàtì kankan tó ń lanu tó ń panu dé. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì wa, Ẹ̀gbọ́n Fàtáì, ní Èbúté Mẹ́ta. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí.

Ó ní, "Délé, tí mo bá so èyí mọ́ ọn, kò ní wúkọ́ mọ́. Kó o tó dé kọ́nà yẹn, wàá ti fi Ràímì sílẹ̀ jìnnà."

Mo ní, "Jìnnà dé ibo?"

"Débi tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò ti ní í tó ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí mi lérò padà. Tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò bá tó mi, kí ni mo jèrè? Màá gbapò kìíní, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ràímì náà á pàtẹ́wọ́, á sì sọ fún gbogbo ayé pé, ṣebí mo sọ fún yín pé iginíṣọ̀n wọn ni kò dáa? Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ò rí i bó ṣe ń sáré? Ẹ ò rí nǹkan. Ọwọ́ ara mi ni màá fi sọ irọ́ ẹ̀ di òótọ́.

Àmọ́ tí mo bá fi èyí tó wà lára ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á wúkọ́ ká tó dé kọ́nà, Ràímì á bá mi níbẹ̀, á sì ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Èmi á wá rí i pé ojú wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ṣàlàyé fún Ẹ̀gbọ́n Fàtáì. Ó fi àkísà nu ọwọ́ títí.

"O fẹ́ fi ara ẹ ṣe ìjẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Tó o bá kú ńkọ́?"

"N ò ní kú kí n tó rójú ẹ̀."

Ó pa páálí iginíṣọ̀n tuntun náà dé, ó gbé e fún mi padà.

Kọ́lá ò fara mọ́ ọn rárá. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, wọ́n fi nǹkan funfun di ẹsẹ̀ ẹ̀ láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ó ní, "Ẹ fi tuntun sí i, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ẹ̀ gbolẹ̀. Ìyẹn ti tó mi."

Mo ní, "Kò tó mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ta ló ṣẹ́? Tèmi ni àbí tiyín?"

Mo kàn jáde.

Ṣọ́ọ̀bù Àlàájì ni mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó wá fojú ara ẹ̀ wo eré tá à ń sá. Mo ní èmi àti Ràímì la máa sáré, pé tó bá rí i pé ó léwu, kó ní ká jáwọ́, a ó jáwọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Ràímì, kí ọkàn ẹ̀ má baà pín. Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. N ò kàn sọ ọ́ tán ni.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ẹ̀gbọ́n Fàtáì mú Àlàájì àti àgbàlagbà méjì láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé àga fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò kan lódìkejì òkìtì yẹn, níbi tẹ́ni tó ń sáré ò ti ní tètè rí wọn. Ọ̀dọ̀ èrò lèmi wà. Ràímì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ́ńjìnì mi.

"O ò tíì pààrọ̀ ẹ̀?"

"Èyí náà ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun tiẹ̀.

Wọ́n ju áńkáṣíìfù sílẹ̀, a gbéra. Èmi ni mo wà níwájú nígbà tá a yí dírọ́ọ̀mù po. Bá a ṣe ń sún mọ́ òkìtì yẹn nígbà tá à ń padà bọ̀, mo fi eré sí i dópin, máṣíìnì sì wúkọ́ bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa ṣe. Taya iwájú Ràímì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N ò wo ọ̀nà mọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mò ń wò. Mo rí i tó gbé e, mo yára fa ẹsẹ̀ tèmi síwájú, bàtà ẹ̀ sì bá táǹkì mi, gbàǹgà. Máṣíìnì yà bàrá. Mo wọnú iyanrìn, mò ń fẹsẹ̀ kan wọ́lẹ̀, ojú mi ṣókùnkùn. Ọlọ́run ò jẹ́ kí n ṣubú. Ràímì ò wẹ̀yìn wò.

Nígbà tí mo débi tá à ń parí eré sí, wọ́n ti gbé e sókè. Ó rí mi, ó sì pariwo látorí èjìká wọn pé iginíṣọ̀n yẹn ti tún kú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà ni mò ń wò.

Àlàájì yọ lẹ́yìn òkìtì nínú aṣọ funfun ẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i yà lọ́nà fún un. Wọ́n sọ Ràímì kalẹ̀.

Àlàájì bi í pé, "Kí ló ṣe Délé ní kọ́nà?"

"Iginíṣọ̀n ẹ̀ ló kú, Bàbá."

"Mo jókòó níbẹ̀."

Ràímì yíjú wo òkìtì yẹn.

"Mo ní mo jókòó níbẹ̀, Ràímì. Mo rí ẹsẹ̀ ẹ."

Ẹ wò ó, mo ti jẹ oríṣiríṣi nǹkan aládùn láyé mi. N ò tíì jẹ èyí tó dùn tó ojú Ràímì lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá ẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kó sọ ohun tó ṣe sí Kọ́lá, kó sọ ọ́ sókè kí gbogbo èrò gbọ́. Ó sọ ọ́. Àlàájì wá ní kó máa ti máṣíìnì ẹ̀ lọ sílé wa ní Mushin, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e, bó ṣe ń làágùn tí àwọn èèyàn ń bi í pé kí ló dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Kọ́lá. Mo dúró lókè orí ẹ̀. Kọ́lá ló ní kó dìde. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ì bá ṣì wà nílẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ohun kan ṣoṣo tí n ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé Àlàájì fúnra ẹ̀ máa kúnlẹ̀ fún ìyá mi. Ìyá mi sáré dì í mú. Ràímì lọ bá ẹbí ẹ̀ n'Íbàdàn, kò sì gun máṣíìnì mọ́ níṣojú wa. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí Àlàájì, á dáhùn, ó kàn jẹ́ pé kì í pè mí kí n wá jókòó mọ́ ni. Ìyẹn dùn mí. Ti Ràímì ò dùn mí rárá.

Kọ́lá náà bínú sí mi fúngbà díẹ̀. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ìyá wa máa tọ́jú ọmọ méjì tẹ́sẹ̀ wọn ṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ká borí ẹni tó ṣe wá níbi yàtọ̀ sí káyé mọ ohun tó ṣe. Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mọ èyí tó o fẹ́. Ẹni tó ń ṣèkà níbi tójú ò tó, má bá a jiyàn. Mú ẹni tí kò ní fẹ́ kó rí òun lọ síbẹ̀. Kó o kàn mọ̀ pé ẹni tó o mú lọ náà máa gbé nínú ẹrù ọ̀hún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé tuntun lẹ máa fi sí i ni? Ẹni tí wọ́n bá ti parọ́ mọ́ rí, tó sì rí ẹ̀san ẹ̀ gbà, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á. Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n dárí ji Ràímì. Kọ́lá ti bá àwa méjèèjì ṣe ìyẹn.