Pépà Funfun Orí Káàdì Keje

Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí Doreen Wysocki ti ń kọ káàdì fún Russ Tolliver, aláwàdà ilé tẹlifíṣọ̀n wa ní Niú Yọ́ọ̀kì. Èmi ni mo wà nídìí kámẹ́rà. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Doreen máa ń dúró sí, páálí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ gàdàgbà-gàdàgbà lára páálí náà, tí Russ yóò máa kà bí ẹni tó ti há a sórí. Ohun tí Doreen bá kọ ni Russ ń kà. Bó bá kọ ọ́ pé ewúrẹ́ ni Russ, yóò kà á tán kó tó mọ̀ pé wọ́n bú òun. Nítorí náà ni Doreen ṣe ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ọ̀rọ̀ orí káàdì padà láìjẹ́ pé Russ kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá Káàdì ni gbogbo wa ń pè é.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, nígbà tó ku wákàtí kan kí òǹwòran wọlé, Kendra Voss, ọ̀gá ètò wa, wá bá a níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹja.

"Ìyá Káàdì, ẹ bá mi yọ àwàdà keje."

Àwàdà ọ̀hún kò ju báyìí lọ: Sẹ́nétọ̀ Halloran ní òun kì í wo tẹlifíṣọ̀n, rìmóòtù nìkan lòun fẹ́ dì mú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wa fẹ́ ra ilé iṣẹ́ mìíràn, ìgbìmọ̀ Halloran ló sì máa fọwọ́ sí i. Ọba kì í mú ọ̀kọrin, òótọ́ ni. Ọ̀gá ọ̀kọrin ló ń bá ọba mú un.

"Russ ti gbọ́?"

"Kò yẹ kó gbọ́. Ẹ lẹ pépà funfun lé e, kẹ́ ẹ kọ àwàdà ajá yẹn sórí ẹ̀. Kó tó fura, ó ti kà á tán."

"Ti ajá? Kendra, ajá gan-an ò ní rẹ́rìn-ín."

"Mi ò bá yín ṣeré o. Bẹ́ ò bá lè ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é lọ́la."

Leo ọkọ Doreen ń lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, iṣẹ́ Doreen ló sì ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìtọ́jú lọ nìyẹn. Kendra mọ̀.

Doreen lẹ pépà funfun náà. Kò kọ nǹkan kan sórí rẹ̀. Kò ṣe irú ẹ̀ rí, torí òfìfo lórí káàdì lè mú Russ kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n Russ ti fi àwàdà náà dánra wò láàárọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Doreen fẹ́ kó rí i pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án, kí ó sì yàn fúnra rẹ̀.

Nígbà tó kan káàdì keje, Doreen gbé e sókè. Russ wo funfun náà. Ó wo Doreen. Inú mi dùn, mo rò pé yóò sọ ọ́. Ó kàn fi ìka júwe: yí i sí káàdì kẹjọ. Doreen yí i, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín lọ.

Lẹ́yìn ètò, Doreen dá a dúró.

"O ò rí i ni?"

"Mo rí i, Ìyá Káàdì." Russ ń wo bàtà ara rẹ̀. "Wọ́n ti bá mi sọ ọ́ lọ́sàn-án, mo sì gbà. Èmi ni mo ní kí Kendra má dárúkọ mi fún yín. Ojú yín ló ń tì mí."

"Russ, ìtọ́jú Leo ni mo fi ta tẹ́tẹ́ nítorí ẹ."

Inú bí mi débi pé mo fi ìdérí bo ojú kámẹ́rà, mo kúrò níbẹ̀.

Wọn ò lé Doreen, ètò ṣáà lọ dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti dé ẹnu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ bá ti wá báyìí pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan, kì í lẹ nǹkan kan mọ́. Yóò gbé káàdì lọ bá Russ nínú yàrá rẹ̀, yóò sì na pépà funfun sí i.

"Lẹ̀ ẹ́."

Russ ń lẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́ta ló lẹ̀.