Àwa Obìnrin Ilé Wa Kì í Wọ Funfun

Òórùn ìṣápá tó ń hó ló máa ń jí mi láwọn àárọ̀ tí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Màmá mi á ti gbé ìkòkò kaná lẹ́yìn ilé wa ní Awendjé nílùú Libreville, wọ́n á da òdòdó ìṣápá pupa sí i, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní bísápù, wọ́n á ju atalẹ̀ mọ́ ọn. Òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi lórí ẹní. Mo mọ̀ pé ife ńlá kan ti ń dúró dè mí. "Mu ún tán. Èyí tó ń jáde pọ̀, ká tètè dá òmíràn padà." Bí ẹni pé táǹkì omi ni mí.

Télọ̀ ni Màmá mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé, máṣìn wọn kì í sì í sinmi. Wọ́n ń ránṣọ fún ọmọ Nàìjíríà, fún ará Benin, fún àwọn onílẹ̀ náà. Gbogbo àwọ̀ tó wà láyé ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá, ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: obìnrin kì í wọ funfun láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Aṣọ ìbora wa dúdú. Aṣọ orí àga wa pupa rẹ́súrẹ́sú bí obì. Síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé mi ní ìtẹ́nú méjì, ọ̀kan nípọn tó ti ìrọ̀rí. Bàbá mi nìkan ló ní ṣòkòtò funfun, wọ́n sì máa ń fi í kọ́ síbi tó jìnnà sí wa, bí ẹni pé a lè kó nǹkan ràn án.

Àǹtí Ṣadé, àbúrò Màmá tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ jù. "Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ń kán, tiwa ń ya. Ìyá wa kò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa, wọn kò fi wúrà sílẹ̀, èyí ni ogún wa." A óò rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn yẹn, èmi kò mọ̀ wọ́n. Ní Ṣakí ni wọ́n ti kú, lọ́jọ́ tí wọ́n bí Àǹtí Ṣadé gan-an. Wọ́n ní ìkúnlẹ̀ ló gbé wọn lọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, tàbí pé àwọn èyí tó dì bí ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ń bọ́ lára mi. Màmá mi kàn jókòó ti máṣìn ni. Wọ́n kó àjákù aṣọ jọ, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, wọ́n rán páàdì kan tí inú wọn dùn sí gan-an. Òun ni mo máa ń fi ti páàdì tí a rà lọ́jà lẹ́yìn, síbẹ̀ n kì í lè jókòó parí kíláàsì kan kí n má lọ pààrọ̀. Mireille, ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì tó ń wá láti àdúgbò Akébé, sọ pé òun lè lo ẹyọ kan láti àárọ̀ títí a ó fi jáde ilé ìwé. Mo rò pé ó ń fọ́nnu ni. Nínú ooru Libreville yìí, èmi ń so súwẹ́tà mọ́ ìdí kiri. Tíṣà ìṣirò wa bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé òtútù ń mú ìdí mi ni.

Ohun tí mo fẹ́ jù láyé nígbà yẹn ni kí n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ àwọn Mireille ní Atong Abè. Mo ní ohùn. Ṣùgbọ́n funfun ni wọ́n ń wọ̀, ó gùn dé ẹsẹ̀, Màmá mi ni wọ́n sì gbé e fún láti rán. Mo ń wo àwọn gáùn náà bí wọ́n ṣe ń gun orí ara wọn lórí tábìlì. Nígbà tí mo tọrọ tèmi, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Bùkọ́lá, ṣé ẹ̀yìn rẹ lo fẹ́ fi kọrin fún wọn ni?" Mo sunkún. Wọ́n rán gáùn aláwọ̀ obì fún mi, wọ́n fi léèsì sí i lọ́rùn. Mo wọ̀ ọ́ lọ jókòó sáàárín àwọn tó wá gbọ́ orin.

Eyín ló tú wa fó. Mo ti fẹ́ẹ̀ jáde ilé ìwé nígbà tí wọ́n yọ ọ̀kan tó jẹrà fún mi. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dá. Màmá fi aṣọ dí i, aṣọ dúdú ni, kí lẹ tún rò? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó ṣì ń ṣàn, a padà síbẹ̀. Lẹ́yìn tí oníṣègùn eyín ti rán ojú ibẹ̀, ó bi mí bóyá imú mi máa ń ṣẹ̀jẹ̀, bóyá ara mi máa ń dúdú láìjẹ́ pé mo fi gbá nǹkan púpọ̀, àti bí nǹkan oṣù mi ṣe ń rí. Màmá mi fi Faransé ọjà wọn gba ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú ìgbéraga: "C'est la famille, docteur." Bí ìdílé wa ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká lọ rí dókítà ẹ̀jẹ̀.

Àwa mẹ́ta la lọ. Àǹtí Ṣadé ní òun wá ṣe ẹlẹ́rìí. Obìnrin ni dókítà náà, onílẹ̀ ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá obìnrin kankan nínú ẹbí wa ti ṣẹ̀jẹ̀ jù nígbà ìbímọ. Yorùbá ló bọ́ sí Màmá mi lẹ́nu: "Ìyá mi. Wọ́n ní kò dá." Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó wúwo lẹ́nu mi. N kò lè wo ojú Àǹtí Ṣadé.

Dókítà náà sọ pé, "Pé gbogbo yín ló ń ṣe é kò túmọ̀ sí pé ó dára. Ó lè jẹ́ pé ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo yín."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Ohun tó yẹ kó máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì kò tó lára wa. Orúkọ gígùn kan ló ń jẹ́, Màmá kò tíì lè pè é títí dòní. Dókítà ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ ló ní irú rẹ̀, àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́. Ó fún mi ní oògùn tí mo máa ń lò láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó sì kìlọ̀ pé kí n máa sọ ọ́ fún oníṣègùn ṣáájú kí wọ́n tó yọ eyín mi tàbí gbẹ̀bí mi. Takisí tó ń gbé wa padà ti sún mọ́ ilé. Ìgbà náà ni Màmá mí kanlẹ̀. "Gbogbo ìṣápá yẹn." Àǹtí Ṣadé bú sẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Nígbà tí mo lóyún, àwọn tó máa gbẹ̀bí mi mọ̀ kí ikùn mi tó yọ. Oògùn ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ wá, ó sì dá. Màmá mi dúró ní ìgbèrí mi, wọn kò gbé ojú kúrò lára mi títí wọ́n fi gbé ọmọbìnrin mi lé mi láyà. Ìgbà tí a délé ni wọ́n fa síkẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú báàgì wọn. Funfun ni, ìtẹ́nú ẹyọ kan péré ló ní.

Ọmọ mi ti ń rìn báyìí. Àná ló da ìṣápá sí mi lẹ́yìn, sára síkẹ́ẹ̀tì náà gan-an. Ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti wá súwẹ́tà. Èmi gbé ọmọ mi lé apá, n kò pààrọ̀ aṣọ, a gba ojú títì lọ ra búrẹ́dì kó tó tán.