Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Pè

Èmi ni mo kọ orúkọ náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tán lẹ́nu mi, nítorí ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń dá ìjọba lẹ́bi, tí mo ń dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi, tí mo tún ń dá ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní ọ́fíìsì lẹ́bi. Tíṣà ni mí. Bíírò pupa ni mo fi ń jẹun. Bí ọmọ kíláàsì mi bá kọ orúkọ ara rẹ̀ tí kò fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, màá fa igi sí i, màá sì ní kó tún un kọ nígbà mẹ́wàá. Èmi yìí kan náà ni mo ba ìwé ìtọ́jú ìyá ọkọ mi jẹ́, mo sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára jù lọ bà á jẹ́.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà lẹ́yìn agboolé wa ní ìpẹ̀kun Ìgbò-Ọrà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ayétẹ̀. Oògùn oko ni wọ́n ń kó síbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pa koríko àti èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, páálí lórí páálí títí kan àjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan dáná sun igbó tó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí, atẹ́gùn sì gbé iná náà dé ibẹ̀. Èéfín tó jáde kì í ṣe èéfín igi. Funfun ni, ó ki, ó ń dùn díẹ̀ létè kó tó wá ta ni lọ́fun. Àwọn ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ sá.

Ìyá ọkọ mi kò sá. Ó wà lábẹ́ àtíbàbà tó ti ń yan gàrí, wọ́n ní kó dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó èyí tó wà nínú agbada ná. Ìgbà tó kó o tán, ó fi etí ìró bo imú, ó bá àwọn ọkùnrin pọn omi sí iná náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, agbára rẹ̀ sì ju tèmi lọ. Mo pè é títí, kò dá mi lóhùn. Ó ní ilé àwọn ni yóò jó bí òun bá sá.

Kí oòrùn tó wọ̀, iná ti kú, ọkọ̀ àwọn elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ sì dé. Wọ́n fi nǹkan bo imú, wọ́n ń kán oògùn sí àwọn èèyàn lójú. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fa èéfín náà símú, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìjọba fẹ́ tọ́jú wọn lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n béèrè ẹni tó mọ̀wé kọ. Gbogbo ojú yí sí mi, ẹnì kan sì ti gbé àga wá kí n tó dáhùn.

Ọmọ Èkìtì ni mí, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti di ìyàwó ilé yìí. Níbí, gẹ́gẹ́ bíi ti ilé bàbá mi, ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ rẹ̀, títí kan ọmọ tó bá ń rákò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Àbúrò ọkọ mi kan wà tí mo máa ń wẹ̀ fún kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó ti bímọ báyìí, Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ṣì ń pè é. Tí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá rí báyìí, ti ẹni tó bí ọkọ fún mi ńkọ́? Mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo ti rí i nínú ìwé ìjọ wa. Ẹnu mi ni kò gbà á kọjá rí.

Mo kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́ ní kíkún, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà. Ìgbà tó kan àwọn àgbà mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ ará ilé ọkọ mi, bíírò dúró. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, ó ń wúkọ́. Mo mọ̀ pé ìwé ìjọba ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí n purọ́. Ọwọ́ mi ló kọ̀. Mo kọ Bàbá Òkè, mo kọ Ìyá Ẹlẹ́pà, mo kọ Bàbá Káfíńtà. Lẹ́yìn náà mo kọ Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn, nítorí ìyá ìbejì mẹ́ta ló wà nínú àwọn àgbà náà, ọkọ mi sì ni èyí tó dé gbẹ̀yìn nínú àwọn ìbejì ti ìyá rẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ara mi. Mo ní wọn ò ní rí mi bú pé mo mọ̀wé débi pé mo gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Ojú àwọn yòókù ṣomi fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lọ. Ìkọ́ ìyá ọkọ mi kò lọ. Ó wọ àyà. Bó bá ń sọ̀rọ̀, yóò sọ ọ́ dé ìdajì, yóò sinmi, yóò wá sọ ìyókù. Ó pa iṣẹ́ gàrí tì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúrò níwájú níbi tí àwọn ìyá ìjọ ń jókòó sí, ó lọ ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Kó tó pé oṣù kan tí iná náà jó, wọ́n kéde pé kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọjọ́ iná wá sí ọ́fíìsì ìlera, kí wọ́n wá kọ fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá yege yóò gba káàdì, wọn yóò sì ya àwòrán àyà rẹ̀, wọn yóò fún un lóògùn ní ọsibítù ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi àti ìyá ọkọ mi gun ọ̀kadà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bi wá ní orúkọ, màmá sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin náà wá a títí nínú kọ̀ǹpútà, kò rí i. Mo na ọrùn wo ohun tó ń wò. Mo rí Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó ní bí òun bá dúró sí géètì ní ìlú yìí tí òun pe Ìyá Ìbejì, ta ni kò ní dáhùn? Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn nípa orúkọ àwọn èèyàn tí kò sí, wọ́n sì ti fa igi sí gbogbo irú orúkọ bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni tó kọ ìwé náà bá lọ búra ní kóòtù nípa ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Ó wá bi mí bóyá a mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnu ló fi ń mí, ìtìjú sì gbá mi mú. Mo ní inú tó máa ń yára bí, òun ni mo fi bojú. Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá wọ́n ń fi orúkọ pe àgbà nílé tiwọn. Mo ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yí ojú sí wa. Mo fa màmá lọ́wọ́, a jáde. Kí a tó rí ọ̀kadà, mo ti sọ fún un pé àwọn tó tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà ló dà á rú. Mo tún un sọ nílé, mo tún un sọ fún ọkọ mi lórí fóònù, nítorí ọkọ̀ ńlá ló ń wà lọ sí òkè Ọya, kì í sí nílé púpọ̀. Ó bú ìjọba dáadáa. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, irọ́ mi ti di òótọ́ nínú agboolé. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Tèmi ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mi ò kàn fẹ́ bojú wẹ̀yìn ni.

Kì í ṣe pé mo káwọ́ lẹ́rán. Mo ra oògùn ìkọ́, mo wá oyin àti orógbó. Mo padà sí ọ́fíìsì náà ní èmi nìkan, mo mú ìwé pásítọ̀ lọ, mo tún mú ìwé baálé ilé lọ. Ọmọbìnrin yìí kò bínú sí mi mọ́, ó ń pè mí ní màmá wa tíṣà, ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé ìwé wọ̀nyí dára, àmọ́ ẹni tó kọ orúkọ ni àwọn ń wá. Ọ̀wọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ìdánwò àwọn ọmọ ti súnmọ́, pé kò sí àyè láti lọ sí kóòtù. Irọ́ ni. Bí mo bá búra, màmá yóò gbọ́ pé ọwọ́ mi ni Ìyá Ìbejì ti wá, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Bí mo bá búra, èmi yóò pe orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi kan ló lé mi jáde. A ń gba àdúrà Olúwa, màmá kò lè gbà á tán. Ó dúró láàárín, ó di àga mú, ètè rẹ̀ dúdú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, mo sì mú màmá lọ sí kóòtù, nítorí wọ́n ti ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù jẹ́ bàbá kan tó gbé awò ojú sí orí imú. Ó fi Bíbélì lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ka gbogbo ohun tó ń tẹ̀ ní Yorùbá, ó ń kà á sókè: pé èmi ni mo kọ orúkọ àwọn èèyàn lọ́jọ́ iná náà, pé ọwọ́ mi ni, pé èmi ni mo kọ Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè orúkọ Ìyá Ìbejì kẹta gan-an. Mo ní kó fún mi ní bébà kí n kọ ọ́. Ó ní ẹnu ni wọ́n fi ń búra. Mo sọ fún un pé ìyá ọkọ mi ló jókòó yìí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ mi yé òun, ṣùgbọ́n òfin kò mọ ìyàwó ilé.

Mo ń gbọ́ bí èémí màmá ṣe ń súfèé nínú àyà rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí lápá.

"Pè é," ló wí. Ó sinmi. "Gbogbo àwọn tó máa ń pè é ti kú tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn."

Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, mo pè é. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó. Ó sì dáhùn, kì í ṣe bí àgbà ṣe ń dáhùn, ó dáhùn kíákíá bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé. Omi bọ́ lójú mi. Akọ̀wé bojú wo ìwé rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Bí a ṣe ń darí lọ sílé, mo ń retí kó bi mí nípa ohun tí akọ̀wé kà. Kò bi mí. Ó ní kí a dúró ra ọsàn. Mo tan ara mi jẹ pé kò fetí sí i dáadáa, pé àìsàn ló gbà á lọ́kàn.

Káàdì náà kò dé bọ̀rọ̀. Nígbà tí a fi máa dé iwájú dókítà, àwọn ará Ìgàngàn ti ń kó iṣu titun wá sẹ́bàá ọ̀nà. Dókítà gbé àwòrán àyà màmá sójú fèrèsé, ó fi ìka tọ́ ibi tó funfun níbi tó yẹ kó dúdú. Ó ní èéfín yẹn ti jó ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ká ní a wá ní oṣù àkọ́kọ́ ni, oògùn wà tí ìbá rọ̀ ọ́ kó tó di àpá. Ó ti di àpá báyìí, àpá kì í sì í lọ. Yóò fún wa ní èyí tí yóò máa fà sẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, kó lè rí èémí mí. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó kù tó lè ṣe.

Ó ṣí fáìlì, ó mú bíírò, ó kọjú sí mi. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí kí ẹ tó gbé wọn wá?"

Mo la ẹnu. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́.

"Èmi ni," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ojoojúmọ́ ni ìyàwó mi ń bẹ̀ mí pé ká máa bọ̀. Mo ní ìkọ́ lásán ni, n ò lọ síbì kankan." Ó sinmi. "Ẹ má bá a wí."

Dókítà mi orí. Ó rọra bá a wí bí wọ́n ṣe ń bá àgbà wí, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló kọ̀ láti wá gba ìtọ́jú. Mo jókòó tì í, mo ń ka ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń kọ ọ́. Mi ò sọ pé rárá.