Ègbè tí Màmá Kọ̀

Ẹni tó bá ní àdúrà kì í da iṣẹ́ rú, kó wá bi mí. Mo ti rí i.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Houston níbí. Láti Mission Bend ni mo ti ń wakọ̀ lọ sí Katy, sọ́dọ̀ òyìnbó arúgbó kan tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó ní kí n máa pe òun lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi. Ẹnu mi ò gbà á. Ìyá Olórin ni mò ń pè é, nítorí olórin kántírì ni, orin àwọn ará oko Texas tí wọ́n ń fi gìtá sunkún. Ọkọ á lọ, ajá á kú, òjò á kọ̀ kò ní rọ̀, wọ́n á sì fi gbogbo ẹ̀ kọrin!

Lọ́jọ́ kan mò ń fọ abọ́, mo sì ń dá orin ṣọ́ọ̀ṣì kọ. Àfi bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn tí mo rí i tó dúró tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ó ní òun ń ṣe àwo orin kan, kí n wá ẹnìkan kún ara mi, ká wá gbè é fóun. Ó ń kánjú. Dókítà ti rí nǹkan lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, Mọ́ńdè ni wọ́n máa gé e, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ohùn á padà. Ó ti gba ohùn orin mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ó ku ẹyọ kan, Sátidé nìkan ló sì kù.

Màmá tó ń léwájú wa nínú ẹgbẹ́ akọrin ni mo mú lọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n, ohùn wọn dùn bí oyin. Ẹnu wọn ni n ò rò mọ́ ọn.

A dé sitúdíò, Màmá gbàdúrà, wọ́n fi òróró kan máìkì. Ọkùnrin tó ń ṣe ẹ̀rọ fò dìde bíi pé iná jó o. Ìyá Olórin rẹ́rìn-ín, ó fún wa ní ìwé tí ègbè wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, “Èmi nìkan ni n ó dá kú sílé yìí.” Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa kọ ọ́.

Màmá yọ awò ojú wọn. “Ta ló máa kú?”

“Màmá, orin ni.”

“Mo mọ̀ pé orin ni. Ta ló máa kú?”

“Kò sẹ́ni tó máa kú, Màmá.”

“Kí ló dé tí wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹnu tí mo fi ń súre fáwọn ọmọ mi láràárọ̀, òun ni n ó tún fi sọ pé mo máa dá kú sílé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Wọ́n yí ọwọ́ po orí wọn, wọ́n tàka.

Ojú tì mí. Mo ṣàlàyé fún Ìyá Olórin pé níbi tá a ti wá, a kì í fẹnu ara wa pe ibi. Ó ní kò burú, ká kàn máa kùn lábẹ́ orin. Màmá gbà. Èmi náà ní ó tán.

Ìyá Olórin bẹ̀rẹ̀. Ha! Ohùn yẹn! Gbogbo ara mi ló dìde. Ó dé ibẹ̀, ó ní òun nìkan ni òun máa dá kú sílé yìí.

“Kò ní rí bẹ́ẹ̀!” Màmá ló pariwo bẹ́ẹ̀ sínú máìkì.

Ẹ̀rọ dúró. Mo yíjú sí wọn. Wọ́n ní, “Ó ti jáde kí n tó mọ̀.” A tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Màmá fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ bí a ṣe débẹ̀ náà ni wọ́n tún ní, “Ọlọ́run ò ní gbà á!” Èmi tí inú ń bí sì dáhùn, “Àmín!” Ẹ bá mi wò ó! Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, bí mo bá gbọ́ àdúrà, ẹnu mi kì í béèrè lọ́wọ́ mi.

Nígbà tá a fi máa ṣe é nígbà kẹfà, ohùn Ìyá Olórin ti ń ha. Mo fa Màmá síta. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba nǹkan jẹ́ fún obìnrin yìí. Ohùn ẹ̀ ń tán lọ!”

“Ṣé kò bímọ ni?”

“Kò bí.”

“Ọkọ ńkọ́?”

“Ó ti kú.”

“Ta ló máa tẹ̀ lé e dé ọsibítù ní Mọ́ńdè?”

“Kò sẹ́nì kankan.”

Màmá ṣíwájú mi. A padà wọlé.

Ìyá Olórin wá bi mí ohun tí Màmá ń sọ gan-an. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, ìgbà tó sì yá, n ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń kọ orin yẹn, ṣe làwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó bá òun jiyàn rí. Ó ní bí òun bá ti sọ tòun, kí Màmá náà máa sọ tiwọn.

Bá a ṣe ṣe é nìyẹn. Ó sọ tiẹ̀, Màmá kọ̀ jálẹ̀, mo ṣe àmín. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó parí.

Nígbà tí mo dé ọsibítù ní Mọ́ńdè, Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọbẹ̀ ata ni wọ́n gbé dání fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀fun ẹ̀! Nọ́ọ̀sì ní mọ̀lẹ́bí nìkan ló lè wọlé.

Màmá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Nọ́ọ̀sì wo Màmá tó dúdú minimini, ó wá kọjú sí mi. Mo ní, “Bàbá kan náà ló bí wọn.”

Ó jẹ́ ká wọlé.

Dókítà ní àìsàn náà ti lọ, àmọ́ kó má retí pé òun á tún kọrin mọ́ láyé. Ìyá Olórin la ẹnu, ètè rẹ̀ mì, nǹkan kan ò jáde. Màmá jókòó tì í, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n fi Yorùbá sọ fún un pé, “Ẹ sinmi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wà níbí.”

Èmi ni mo bú sẹ́kún. Ìgbà ìkẹyìn tí ohùn yẹn kọrin, èmi àti Màmá la gbè é.